Gígé fídíò nígbà tí a ṣì ń yà á lọ́wọ́

Bí ayẹyẹ bá wà l'Okpomèta, yálà ìsìnkú àgbà tàbí ìkómọjáde, ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó gbé fóònù sókè ti fẹ́ pọ̀ tó ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ìbéèrè kan náà là ń gbọ́: "Ta ló máa bá wa to fídíò yìí?" Ẹnì kan ní wákàtí mẹ́ta nínú fóònù rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ohun tó ṣe pàtàkì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọgọ́ta ègé kéékèèké tí kò bá ara wọn mu. A ní ká gbé e lọ sí Kétu fún ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́, owó tó sì ń béèrè ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Báyìí ni fídíò náà ṣe ń jókòó sínú fóònù, títí fóònù á fi bọ́ sómi tàbí tí ọmọdé á fi pa á rẹ́.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọjọ́ ọ̀la níṣẹ́ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ya ara wọn ní fídíò nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, kí a lè jọ wò ó lẹ́yìn náà. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ kọ síbí. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi gé fídíò, ká sì tò ó, láì dúró kí yíyà rẹ̀ parí. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun rárá. Ó ní ibi tó ti wúlò fún wa gan-an, ó sì ní ibi tó ti lè mú ohun tí a kò ní rí mọ́ lọ pátápátá.

Oríṣi mẹ́ta ló wà

Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan ń gé fídíò nígbà tó ṣì ń yà á, ọ̀rọ̀ náà lè tọ́ka sí ohun mẹ́ta tí kò jọra. Èkíní ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní "tourné-monté": kámẹ́rà kan, ẹnì kan, bí àwọn ègé bá ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú kámẹ́rà náà ni fíìmù ṣe rí, kò sí mòntáàjì lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni ti kámẹ́rà púpọ̀, tí ẹnì kan jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó ń yan èyí tí àwọn ènìyàn yóò rí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kámẹ́rà ṣì ń kọ àwòrán sínú fáìlì (ohun tí a ń pè ní "fichier"), ẹlòmíràn sì ti ń gé apá tó ti wọlé. Èkíní ló kàn wá jù ní abúlé, nítorí náà òun la ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Tourné-monté

Lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, a ó ya fídíò ju ohun tí a nílò lọ, a ó wá jókòó, a ó ṣa èyí tó dára, a ó tò ó. Nínú tourné-monté, bọ́tìnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ tí a sì fi ń dúró ni abẹ wa. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ láti dúró, a ti gé. Ìgbà tí a bá tún tẹ̀ ẹ́, a ti lẹ ègé tuntun mọ́ èyí tó ṣáájú. Ohun tí a kọ́kọ́ yà ni àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí. A kò lè gbé ìparí wá síwájú, a kò sì lè yọ èyí tí kò dára kúrò láàárín.

Georges Méliès, onídán ará Paris, sọ pé òun bọ́ sínú ọgbọ́n yìí láì mọ̀ọ́mọ̀. Sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ń ya Place de l'Opéra, ni kámẹ́rà rẹ̀ bá há. Kó tó tú u, ọkọ̀ àti ènìyàn ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Nígbà tó wo fíìmù náà, ọkọ̀ èrò kan ṣàdédé di ọkọ̀ òkú. Láti ìgbà náà ló ti ń fi dídá kámẹ́rà dúró pa idán. Ní ọdún 1896 kan náà ó mú kí obìnrin kan pòórá lórí àga.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wa jù ni Jean Rouch. Ẹnjiníà ni, ọmọ Faransé tó kọ́kọ́ wá sí Niger ní 1941 láti la títì, tó wá di ẹni tí ń ya fíìmù nípa àwọn Songhay àti Zarma. Nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ lórí odò Niger, láàárín 1946 àti 1947, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé bọ́ sómi. Ó di dandan kó máa fi ọwọ́ gbé e, kò sì fi ìyẹn sílẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀. Kámẹ́rà Bell & Howell tó ń lò kò mọ iná mànàmáná: wáyà kan ni wọ́n ń yí nínú rẹ̀ bí ẹni ń yí aago àtijọ́. Bí wọ́n bá yí i dé òpin, kò lè ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó tó tún ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n tún yí i.

Ẹ rò ó wò. Ayẹyẹ ń lọ, ẹni tí òrìṣà gùn ń jó, kámẹ́rà yín ti dákẹ́. Ẹlòmíràn ì bá gbé e jù sígbó. Rouch sọ ọ́ di ọgbọ́n: ìgbà tó bá ń yí wáyà yẹn ló ń ronú ibi tó yẹ kó dúró sí báyìí, ojú ta ni kó yà, kí ni kó fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń sinmi ni orí tirẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Báyìí ló ṣe ya Les maîtres fous ní 1954 nípa àwọn Hauka ní agbègbè Accra, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast. Ká má purọ́ o, wọ́n ṣì gé fíìmù náà ní Paris. Obìnrin kan, Suzanne Baron, ló ṣe mòntáàjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dúró sí, ojú agbo níbẹ̀ ni wọ́n ti pinnu rẹ̀.

Fóònù ọwọ́ yín ní irú wáyà yẹn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa yí i fúnra yín. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí ẹ bá ti ń ya fídíò, bọ́tìnì kékeré kan wà tó ní ìlà méjì tó dúró gangan: "pause". Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yíyà náà dúró, ṣùgbọ́n fáìlì kò tíì pa dé. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ó ń bá a lọ nínú fáìlì kan náà. iPhone kò ní i títí di 2024, nígbà tí iOS 18 jáde. Àwọn ọmọ wa kò tilẹ̀ nílò kí á kọ́ wọn; ní 2013 ni áàpù Vine ti jáde ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú àáyá 6 péré, bí ìka bá wà lójú fóònù ó ń yà, bí ìka bá kúrò ó dúró. Bọ́tìnì TikTok náà ń ṣe irú rẹ̀. Tourné-monté làwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kìkì pé wọn ò mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kí wọ́n ya bí a ṣe ń ṣe gàrí, ní ègé méjìlá péré, láì gé nǹkan kan lẹ́yìn. A yan gàrí nítorí pé iṣẹ́ náà ti ní ètò tirẹ̀: kò sí ẹni tó ń yan kó tó fún, kò sí ẹni tó ń rin gbàgúdá tí kò tíì bó. Ohun tí ètò rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, tourné-monté bá a mu. Ohun tí a ń sọ fún wọn kò pọ̀. Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n mọ ohun tí ègé náà fẹ́ fi hàn àti ibi tí yóò parí sí. Kí wọ́n ka ení, èjì, dé ẹẹ́jọ nínú ikùn kí wọ́n tó dá a dúró, nítorí ègé tí kò tó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú rí nǹkan. Kí wọ́n má ya ègé méjì tó tẹ̀ lé ara wọn láti ojú kan náà: bí ẹ bá dúró sójú kan, tí ẹ dá a dúró, tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, yóò dà bíi pé iwin gbá ìyá tó ń yan gàrí láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ yí ká. Ya gbogbo àgbàlá, wá ya ọwọ́, wá ya ojú. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí fídíò dà bí èyí tí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe.

Àṣìṣe kan wà tí kò ṣeé sá fún, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ gàrí rẹ̀ wá, a tàn án, ohun tí a rí ni ẹsẹ̀, iyanrìn, ìdí agbada, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, àti ohùn rẹ̀ tó ń sọ pé "ó yá, ẹ máa yan án lọ". Ìgbà tó rò pé òun ti dá a dúró ló ń yà, ìgbà tó rò pé òun ń yà ló ti dá a dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n gàrí lásán nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìsìnkú bàbá ẹnì kan ńkọ́? Ẹ máa wo nọ́ńbà ìṣẹ́jú lójú fóònù kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá ń sáré, ó ń yà.

Èrè rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí kò ní owó. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fídíò 1080p lè jẹ nǹkan bí 130 MB fún ìṣẹ́jú kan. Wákàtí mẹ́ta tí a kò gé jẹ́ bíi 23 GB, èyí tí kò lè gba WhatsApp kọjá láéláé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí a ti gé níbi yíyà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1 GB, a sì lè fi káàdì kékeré gbé e fún àwọn ará ilé tó wà ní Cotonou tàbí ní Libreville. Kò ní í gba kọ̀ǹpútà, kò ní í gba ẹ̀bẹ̀.

Ohun tí kò yẹ ká gé

Tourné-monté ní ọ̀tá kan, ohùn ni. Ojú máa ń fara da gígé, etí kì í fara dà á. Ìlù tí a gé láàárín á ta bí igi tó dá. Orin tí a gé láàárín, ìtumọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí ní ilẹ̀ Kétu. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ àwọn àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà àti Togo ló ni ín pọ̀. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru, ó lè bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ pẹ̀lú ìwúre, kó wá fi ọ̀rọ̀ yí po, kó máa rìn ní bèbè, kó tó dé ibi tó fẹ́ bá ẹnì kan wí. Àwọn agberin gbà á, ó tún gbà á padà. Ẹni tó bá dá fóònù dúró nígbà ìwúre nítorí pé "kò tíì dé ibi tó dùn" yóò pàdánù ẹsẹ̀ tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ẹni tó sì gé ibi ìwúre sílẹ̀, tó yọ ibi ìbáwí nìkan, ó ti sọ orin di èébú. A ti rí irú ègé bẹ́ẹ̀ tó ń rìn láti fóònù dé fóònù, tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé méjì. Ẹni tó kọrin kò ṣẹ̀, ìka tó tẹ bọ́tìnì ló ṣẹ̀.

Rouch fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ègé ìṣẹ́jú àáyá 25, mọ ìgbà tí kò yẹ kó gé. Ní 1971, ní abúlé Simiri ní Niger, wọ́n ti ń lu ìlù àtijọ́ méjì, Tourou àti Bitti, fún ọjọ́ mélòó kan láti bẹ àwọn òrìṣà pé kí wọ́n má jẹ́ kí eéṣú jẹ oko. Òrìṣà kò gun ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, Rouch gbé kámẹ́rà tuntun tó lè yà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì dúró, ó wọ agbo, ó ń yà. Àwọn onílù dákẹ́. Ó lè dá a dúró níbẹ̀, àwa náà ì bá dá a dúró, àbí? Kò dá a dúró. Ó ń rìn, ó ń yà. Ìlù tún sọ, òrìṣà sì gun ẹnì kan lójú kámẹ́rà. Fíìmù náà jẹ́ ègé kan ṣoṣo, Tourou et Bitti lorúkọ rẹ̀. Rouch gbà pé bí kámẹ́rà kò ṣe dáwọ́ dúró yẹn wà lára ohun tó mú kí òrìṣà dé. Ẹ gbà á gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà á, fíìmù wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń ṣe ni èyí: iṣẹ́ ọwọ́, ìrìn àjò, ọjà, oúnjẹ, ìjókòó àlejò, a ń gé wọn níbi tí a ti ń yà wọ́n. Orin, oríkì, ìtàn láti ẹnu àgbà, ìbúra, àdúrà, a kì í gé wọn. Bí ẹni méjì bá wà, kí ọ̀kan máa gé, kí èkejì gbé fóònù kalẹ̀ sójú kan kó máa gba ohùn lọ láìdúró.

Kámẹ́rà púpọ̀, ẹni kan tó ń yàn

Oríṣi kejì ni èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán tẹlifíṣọ̀n sórí téèpù kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ láyé, owó gegere ni wọ́n sì fi ń rà á. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀: kámẹ́rà méjì tàbí mẹ́ta, olùdarí nínú yàrá kékeré tó ń sọ pé "èkejì, bọ́ sí i, èkíní, sún mọ́ ọn". Ohun tó bá ti jáde ti jáde.

Lónìí, àpótí kan tí kò ju ìwé kíkà lọ ń ṣe iṣẹ́ yàrá yẹn. Ilé iṣẹ́ Blackmagic Design ti Australia gbé ATEM Mini jáde ní 2019. Èyí tí wọ́n fi tẹ̀ lé e ní 2020, ATEM Mini Pro ISO, ń gba kámẹ́rà mẹ́rin. Ó ń tọ́jú fíìmù tí ẹ gé lójú ẹsẹ̀, ó sì tún ń tọ́jú ti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ẹ ti gé. Bí ẹ bá yan èyí tí kò dára ní agogo mẹ́ta, ẹ lè ṣí i ní alẹ́ kí ẹ yí i padà. Ní tiwa, ohun tó mú un dára nìyẹn: ó jẹ́ kí a gé láì sọ ohunkóhun nù. A kò rí i l'Okpomèta rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya ìgbéyàwó ní ìlú ńlá ń lò ó. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè lo OBS Studio, òun kì í gba owó.

Fáìlì tí kò tíì pa dé

Ẹ jẹ́ ká padà sí bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2019, nínú CAN ní Íjíbítì, Bẹ̀nẹ̀ àti Mòrókò ta ọ̀mì, 1-1, nígbà tí Écureuils ṣì ni orúkọ àwọn ọmọ wa. Ní ìparí àkókò, Mòrókò gba penariti. Ziyech gbá a, ó lu òpó. Kí a tó parí ariwo, tẹlifíṣọ̀n ti ń fi hàn wá lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń lu òpó. Ìdíje náà kò dúró dè wọ́n. (A fi penariti lé wọn lọ, 4-1. A kò lè kọjá lórí ìyẹn láì sọ ọ́.) Báwo ni ẹ̀rọ kan ṣe ń yà á lọ, tó tún ń fi ohun tó ti kọjá hàn?

Lórí téèpù, ìyẹn ṣòro, nítorí orí tí ń kọ àti orí tí ń kà ń jà lórí okùn kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje kan fi irú rẹ̀ hàn, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1963 ní Amẹ́ríkà, Tony Verna ti CBS fi téèpù ńlá ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì bọ́ sí i. Oníròyìn ní láti pariwo fún àwọn tó ń wò pé kì í ṣe góòlù mìíràn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá o. Nígbà tí a kúrò lórí téèpù bọ́ sórí dísìkì, ó rọrùn: abẹ́rẹ́ ń kọ níbì kan, ó ń kà níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ EVS ti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, di olókìkí nípa èyí. Àwọn oníròyìn náà ń lò ó: ààrẹ ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nídìí mòntáàjì ti yọ gbólóhùn kẹta rẹ̀ fún ìròyìn agogo mẹ́jọ.

Àmọ́ fáìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ṣeé ṣí kó tó pa dé. MP4 tí ọ̀pọ̀ fóònù wa ń kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibí yìí gan-an ni a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dúró sí díẹ̀. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìdánwò, tó kọ ogún ojú ewé láì fi nọ́ńbà sí ọ̀kankan, tó ní òun á fi nọ́ńbà sí wọn nígbà tí agogo bá fẹ́ lù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e kí agogo tó lù, ohun tó kọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni MP4 ṣe ń ṣe. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìparí ni fóònù ń kọ àtòjọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Bí bátìrì bá kú kí ó tó kọ ọ́, ẹ ní fáìlì ńlá kan tí kò ṣeé ṣí. Ẹ rántí pé "pause" kì í pa fáìlì dé. Ẹni tó ń ṣe tourné-monté láti àárọ̀ di alẹ́ nínú fáìlì kan ṣoṣo ti kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n kan tí kò ní ìdérí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. A lọ bá ìyá àgbà kan nílé rẹ̀ láti gba àwọn orin tí wọ́n ń kọ nígbà tó wà lọ́mọge. A ń lo "pause" láàárín orin kan àti òmíràn, a rò pé a gbọ́n. Fóònù àtijọ́ ni. Bátìrì fi 12% hàn, ló bá kú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí a tàn án, fáìlì wà, ojú rẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan a tún padà lọ, ìyá kọrin fún wa pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n ó ní orin méjì ti bọ́ lọ́wọ́ òun, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́.

A rí díẹ̀ gbà padà. Ètò kan wà tó ń jẹ́ untrunc, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fún un ní fáìlì tó bàjẹ́ àti fídíò mìíràn tó dára láti inú fóònù kan náà, yóò wo bí èyí tó dára ṣe rí, yóò sì gbìyànjú láti kọ àtòjọ tó sọnù. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló padà wá fún wa. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ya nǹkan mìíràn sórí fóònù tàbí káàdì náà mọ́, ẹ má gbà kí fóònù "format" rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n bó ṣe wà. Láti ọjọ́ náà, a kì í jẹ́ kí fáìlì kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí orin bá parí, a ń tẹ bọ́tìnì ìparí gan-an, a ń ka ẹ̀ẹ́ta, a tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ OBS lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kó máa kọ MKV, nítorí òun ń kọ nọ́ńbà sójú ewé bó ṣe ń lọ. Bí iná bá lọ, ohun tó ti wọlé ò ní bàjẹ́.

Ohun tí kò yẹ kó wọlé rárá

Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Facebook ti ṣí "direct" sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìyẹn náà jẹ́ gígé nígbà tí a ń yà, kìkì pé kò sí ìpadàbọ̀ rárá: ohun tó bá ti wọ kámẹ́rà ti dé Paris. Òfin orílẹ̀-èdè wa, "Code du numérique" ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ń dáàbò bo ohun tó jẹ́ ti ara ẹni, àwòrán ojú wà lára rẹ̀; ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè lọ bá APDP. Ṣùgbọ́n òkú tí wọn kò tíì wẹ̀, obìnrin tó ń sunkún nínú yàrá, apá tí ó jẹ́ ti àwọn tó ti wọ awo nìkan, kí òfin tó dé ibẹ̀, fídíò ti ká ayé. Àwọn kan ní àwọn yóò yọ ọ́ lẹ́yìn. A kò gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Fóònù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, káàdì tí wọ́n yá, ibẹ̀ ni ohun tí a ní a ó yọ ti ń jáde. Ohun tí kò wọ kámẹ́rà nìkan ni kò lè jáde láti inú rẹ̀.

Nítorí ìdí èyí, kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń lọ bá olórí ilé, a ó bi í ibi tí kò fẹ́ ká yà, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kó fún wa ní àmì kan. Níbi kan tí a lọ, bàbá náà sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa fóònù, ṣùgbọ́n bí òun bá gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ òun sókè, kí gbogbo wa dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e sókè lọ́jọ́ náà. A dá a dúró, a yí ojú fóònù sílẹ̀, a dúró títí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀, a sì tún tẹ bọ́tìnì.